Ìlù Tí Anders Kò Lù

Ní Marl Lake, ìlú kékeré kan ní Wisconsin, bí yìnyín bá dí ojú ọ̀nà pa, wọn a ní kí ọmọ ilé ìwé jókòó sílé, inú gbogbo ọmọ a sì dùn ṣìnkìn. Snow Day ni wọ́n ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni Nolan Pruitt àti Anders Halvorsen fún ẹgbẹ́ olórin wọn nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré pọ̀ nínú gáréèjì bàbá Anders. Nolan ń kọrin, ó sì ń ta gìtá. Anders ń lu ìlù. Marisol Beltrán, ọmọbìnrin tí ilé wọn kọjú sí gáréèjì náà, wá sọ fún wọn pé kí wọ́n dín ariwo kù, kò sì padà sílé mọ́. Òun ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.

Pọ́ńkì ni orin wọn, irú èyí tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, síbẹ̀ tó dùn lẹ́nu bí orin ọmọdé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju méjì lọ: ọmọbìnrin tó já ni sílẹ̀, àti ìlú kékeré tí ẹni fẹ́ sá kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún rí mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kẹta láyé.

Inú gáréèjì yẹn ni wọ́n ti gba kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní in lọ́wọ́ yóò gbọ́ pé ìlù Anders kì í dúró sójú kan. Bó bá ti dé ibi tí orin gbé dùn, inú Anders á dùn, ọwọ́ rẹ̀ á sì yá. Orin tó bẹ̀rẹ̀ ní ìrìn á parí ní eré àsápajúdé. Àwọn ọmọ tó máa ń kún gbọ̀ngàn tí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ti ń mu bíà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Anders bá sáré, gbogbo wọn á sáré tẹ̀lé e, wọn á máa fò lé ara wọn lórí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Milwaukee gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn kejì jáde, ìlù ibẹ̀ náà ń sáré, àwọn ènìyàn sì rà á ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Nígbà tó di ọdún 2000, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Los Angeles ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ẹnì kan wà tí ìlù yẹn kò tíì wọ̀ létí. Orrin Halvorsen, bàbá Anders, kíkan òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó lè lo odindi ọjọ́ Àìkú kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, méjì nínú rẹ̀ á sì jẹ́ nípa ojú ọjọ́. Kò bú Anders nítorí ìlù, kò sì yìn ín. Ó kàn máa ń bi í pé, "Ìgbà wo lo máa gun òrùlé wá bá mi?" Ohun tí Anders ń wá láyé kò ju pé kí ọkùnrin yìí gbọ́ ìlù òun lọ́jọ́ kan, kó sì ní ó dára. Nolan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀?

Ní sítúdíò, ìlù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ìlù ni ìpìlẹ̀. Gìtá á wá jókòó lé e, ohùn á kẹ́yìn. Nítorí náà onílù ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ tán, òun náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá padà sílé. Anders lu ìlù fún ọjọ́ mẹ́rin. Garrick Stroud, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, rẹ́rìn-ín sí i, ó gbá a léjìká, ó ní, "O káre, lọ sinmi." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Anders wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí Marl Lake. Lọ́jọ́rú, Garrick ti ilẹ̀kùn, ó ní kí Nolan àti Marisol jókòó.

"Ẹ gbọ́," ó ní, "ọmọ yẹn dáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ ń rìn bí ọ̀mùtí. Rédíò ò ní gbé e."

"Bó ṣe máa ń lù ú nìyẹn, ọ̀gá," Nolan dáhùn. "Ohun tí wọ́n ṣe fẹ́ràn wa gan-an nìyẹn."

"Wọ́n fẹ́ràn yín nínú gbọ̀ngàn ọlọ́tí ní Wisconsin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo lẹ́nì kan tó ń bọ̀ lọ́la. Á gbọ́ ohun tí Anders lù, á lu nǹkan kan náà, á kàn mú un dúró ṣinṣin ni. Orúkọ Anders náà ló máa wà lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Anders ńkọ́?" Marisol bèèrè.

"Anders gan-an ni mi ò fẹ́ kó mọ̀! Ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin lẹ́ni àkọ́kọ́ ni? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ríbi ṣiṣẹ́."

"Bí a bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ padà sílé nìyẹn. Rẹ́kọ́ọ̀dù yín á sùn sínú àpótí."

Marisol yíjú sí Nolan. Nolan ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ló ń kọ orin, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ó rántí gbogbo ìlú kékeré tí wọ́n ti kọrin pé àwọn fẹ́ sá kúrò níbẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ tó ń padà síbẹ̀.

"Kó máa bọ̀," ó ní.

Ọkùnrin tó dé lọ́jọ́bọ̀ ti tó ẹni ogójì ọdún. Ó wọ sálúbàtà, ó mú búrẹ́dì oníẹran dání. Á gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀kan, á gbé búrẹ́dì sílẹ̀, á lu orin náà, á tún gbé búrẹ́dì rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti lu orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán. Kò bèèrè orúkọ onílù tó ń rọ́pò. Nolan fẹ́ kórìíra rẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí i ṣe, nítorí ìlù náà dára. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ó dára gan-an ni.

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde, inú ọkọ̀ akẹ́rù Orrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Marl Lake, látinú ẹ̀rọ orin rẹ̀ tó jẹ́ pé gbohùngbohùn apá kan ṣoṣo ló ṣì ń dún. Orrin ń wa ọkọ̀, Anders wà lẹ́bàá fèrèsé, Nolan há sáàárín àwọn méjèèjì. Orin kẹta bẹ̀rẹ̀. Ìlù ló ṣí i, ó yí bìrìbìrì, ó balẹ̀ gbì sínú gìtá láìfì síbì kan.

"Nolan," Anders wí. "Nolan, ṣé èmi rè é?"

Ibí yìí ló yẹ kí ọmọkùnrin náà ti sọ òótọ́. Ọ̀nà gbóòrò, ojú ọjọ́ mọ́, kò sí ẹni tó fún un lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké.

"Ìwọ ni," Nolan dáhùn.

Orrin gbé ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó gbọ́ orin náà tán, ó dá a padà, ó tún un gbọ́.

"Ìwọ lo lu èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi."

"Hùn." Ọkùnrin náà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó dúró dáadáa. Mi ò mọ̀ pé o ní irú èyí lọ́wọ́. Èmi náà gbójú fò ẹ́ dá, ọmọ mi, má bínú."

Anders kọjú sí fèrèsé, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí obìnrin tí wọ́n ń sìn lọ ilé ọkọ. Láti ọjọ́ náà, Orrin kò bi í léèrè òrùlé mọ́. Ó ra rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́fà, ó pín in fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá ń kan òrùlé fún èèyàn, orin kẹta ni yóò máa ké látinú ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Rédíò gbé e lóòótọ́, Garrick kò purọ́ níbẹ̀. Àwọn Snow Day ti inú gbọ̀ngàn bọ́ sí pápá, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá ló ti mọ bí orin kẹta ṣe máa ń ṣí. Wọn á dákẹ́ rọ́rọ́, wọn á máa dúró dè é. Anders á gbé igi ìlù sókè, ìlù á yí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣìnà. Ní Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọmọ kan pariwo láti iwájú pé, "Ẹ kúkú tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù fún wa, kí onílù yín lọ gbatẹ́gùn!" Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Anders náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń lu orúnkún rẹ̀ títí ilẹ̀ Ohio fi tán.

Báyìí ló ṣe di ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣòfò. Bí wọ́n bá ti dé sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò wọ yàrá abẹ́ ilé bàbá rẹ̀ láti àárọ̀, yóò máa tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, yóò máa lù tẹ̀lé e. Wákàtí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́sàn-án. Ó fi báńdéèjì di ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Ó ń ki ọwọ́ bọ omi dídì, ó tún ń padà sídìí ìlù. Lọ́jọ́ Ẹtì, Nolan á wá kí i, Orrin á sì din ẹja fún Nolan, torí ó mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó lókè, ilẹ̀ ilé á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀ ni," Orrin á wí. "Ó máa wá a rí. Ohun tọ́wọ́ ẹni bá ti ṣe rí, ọwọ́ ẹni á tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Nolan á dáhùn. Ẹja náà á di igi lẹ́nu rẹ̀.

Marisol kò fún un nísinmi. "Sọ fún un," ó ní nínú ọkọ̀, níbi tí Anders gbé ń sùn lẹ́yìn. "Ṣó ò rí ọwọ́ ẹ̀ ni? Ó ń lé iwin tí kò lè bá!"

"Bí a bá parí ìrìn àjò yìí."

"Ohun tó o wí lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn."

"Ṣé ìwọ náà ò lẹ́nu ni?"

"Mo lẹ́nu, ọ̀gbẹ́ni. Mo lójú tó ń tì mí pẹ̀lú. Ṣé èmi ni mo ní kó máa bọ̀?" Kí ọdún náà tó parí, Marisol já kúrò nínú ẹgbẹ́, ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Madison. Òun náà kò sọ. Nígbà míì, ojú máa ń ti ènìyàn débi pé yóò sá kúrò nílé kó lè fi ojú náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n wá ẹlòmíì fi dípò rẹ̀, wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kẹrin. Anders takú pé kò sẹ́ni tó máa lé òun lọ sílé lọ́tẹ̀ yìí, òun á jókòó dé òpin. Ó lu gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Kò sáré mọ́ níbi tí orin gbé dùn. Ó ti kọ́ ara rẹ̀ débi pé inú rẹ̀ kì í dùn níbẹ̀ mọ́. Ìlù náà kò wá dúró ṣinṣin bíi ti ọkùnrin oníbúrẹ́dì, kò sì láyọ̀ bíi ti inú gáréèjì. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà kú sórí àtẹ, ilé iṣẹ́ ńlá náà já wọn sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2003, dókítà ní iṣan ọwọ́ Anders ti bàjẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Ó wá ń dúró nídìí káńtà ní ilé ìtajà ọ̀dà kan ní Marl Lake, ẹlòmíì ló sì ń bá a gbé agolo ọ̀dà. Nolan kó lọ sí Milwaukee, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gìtá. Ẹgbẹ́ Snow Day tán síbẹ̀.

Lọ́dún 2009, nínú oṣù kẹta, Orrin kú lójú oorun. Anders fóònù Nolan.

"Ó kọ ọ́ sínú ìwé," ó wí. "Ó ní kí wọ́n tẹ orin kẹta fún òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rẹ́kọ́ọ̀dù tèmi ti họ. Mú tìẹ dání."

Nolan mú un dání. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní Orrin ti lọ báyìí, kò sí ẹni tí òótọ́ lè dójú tì mọ́, Anders yóò gbọ́, yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ọwọ́ òun ni ó dalẹ̀ òun. Yóò mọ̀ pé òun kò pàdánù ohunkóhun, nítorí ohun náà kì í ṣe tòun rí. Nolan rò pé ẹ̀bùn lòun ń gbé lọ. Irú wa ló máa ń rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹrù ara wa bá wúwo, tá a sì ń wá ẹni tá a máa sọ̀ ọ́ lé lórí.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Àwọn ìyá ìjọ ń to búrẹ́dì oníẹran àti ànàmọ́ tí wọ́n yan pẹ̀lú wàràkàṣì sórí tábìlì nísàlẹ̀. Anders dá dúró nínú yàrá tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí, ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀. Nolan wọlé tọ̀ ọ́, ó ti ilẹ̀kùn.

"Anders, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ fún ẹ kí wọ́n tó tẹ orin yẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O ò tíì gbọ́ ọ."

"Kì í ṣe èmi ni mo lù ú." Anders ń wo àwọn kóòtù. "Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, Nolan. Bí mo bá to ìlù mi, òdìkejì ti gbogbo ayé ni. Nínú kásẹ́ẹ̀tì wa, nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Milwaukee, bí ìlù bá yí, etí ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tá a wà lójú ọ̀nà, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí mi méjèèjì, mo tẹ orin kẹta. Etí òsì ló ti bẹ̀rẹ̀, bíi ti onílù ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Garrick yín kò tiẹ̀ ṣe wàhálà láti yí i padà. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fetí sí mi tó bẹ́ẹ̀."

Nolan jókòó lórí àpótí tó wà níbẹ̀.

"O ti mọ̀ látìgbà yẹn? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ló dé tí ìwọ ò sọ̀rọ̀?"

Nolan yọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde nínú àpò, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀.

"Bàbá mi ti gbé ọkọ̀ dúró," Anders wí. "Ó ti sọ ohun tó sọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dúró dè é. Ṣé kí n wá padà lọ sọ fún un pé ẹlòmíì ni? Mo wá rò ó pé bí mo bá lè lù ú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, bí ọkùnrin yẹn ṣe lù ú, á di tèmi. Irọ́ ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí bàbá mi wí á di òótọ́. Ohun tí mò ń ṣe nísàlẹ̀ ilé nìyẹn."

"Ọlọ́run mi. Anders, mo rò pé..."

"Mo mọ ohun tó o rò. Ẹ̀yin méjèèjì ń jẹ ẹja lókè, mò ń gbọ́ ohùn yín. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó bá dé, mo máa ń wí pé lónìí, lónìí Nolan á sọ̀kalẹ̀. Á ní, 'Anders, sinmi, ìwọ kọ́.' Kó o kàn sọ ọ́ ni. Ǹ bá ju igi yẹn nù lójú ẹsẹ̀. Ǹ bá sunkún, ǹ bá lù ẹ́, ǹ bá jẹ ẹja. Mi ò lè sọ ọ́ fúnra mi, torí bó bá ti ẹnu mi jáde, èmi ni mo tan bàbá mi jẹ. Ẹnu rẹ ló yẹ kó ti jáde. Mo dúró dè ẹ́ títí ọwọ́ mi fi kú."

Nolan bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún àánú ọ̀rẹ́ nìkan, ó ń sunkún ara rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. "Dárí jì mí," ó ní. "Mo ń bọ̀ wá sọ ọ́ lónìí ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́," Anders dáhùn. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. "Ti òní ni kò lérè mọ́. Dìde, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n jókòó níwájú. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó ka Bíbélì, ó ní Orrin Halvorsen kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òrùlé kan tó kàn ní ìlú yìí tí onílé kò gbọ́ nípa ọmọ rẹ̀. Wọ́n tẹ orin kẹta. Ìlù náà ṣí i, ó yí láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó kún inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan lára àwọn tó jókòó jẹ́ ọmọ inú gbọ̀ngàn àtijọ́, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, wọ́n ń mi orí, omi ń dà lójú wọn. Nígbà tó tán, pásítọ̀ ní, "Anders, dìde, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, wọn kì í pàtẹ́wọ́ níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì gbè é, gbogbo ilé sì gbà á. Anders dúró nínú kóòtù bàbá rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ orí ba fún wọn, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an." Àwọn tó wà lẹ́yìn Nolan ń wò ó, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n ń retí rẹ̀. Ó dìde, ó sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.